Ohun Tí Béèsì Kejì Fi Yé Mi: Ìrírí Scout Kan ní Líìgì Kékeré

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé ní Maryland àti Virginia máa ń bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ scout béésìbọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń lọ wo àwọn agbábọ́ọ̀lù, tó sì ń jábọ̀ wọn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn gbá eré náà dé yunifásítì kí ọ̀nà tó dí. Àwọn mìíràn mọ ìṣirò, wọ́n sì ti gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ń wá onímọ̀ ìṣirò. Mo máa ń dá wọn lóhùn lórí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í tán, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo pápá. Béèsì kejì nìkan ni mo fẹ́ sọ, torí pé ibẹ̀ ni ojú mi ti rí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ máa ń yára kọjá.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo àwọn ọmọ tó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, tí wọ́n ṣì wà ní líìgì kékeré, ibi tí wọ́n ti ń gòkè ní ìpele ìpele kí wọ́n tó dé líìgì ńlá, kí àwọn ọ̀gá wa lè mọ ẹni tí wọ́n máa béèrè nígbà tí àkókò pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láàárín ẹgbẹ́ bá tó. Àwọn tó ń wo ọmọ ilé ìwé yàtọ̀ sí wa.

Fún ẹni tí eré náà kò yé: béèsì mẹ́rin ló wà, ní igun mẹ́rin. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù máa sáré láti béèsì ilé lọ sí béèsì kìíní, ìkejì, ìkẹta, kó tó padà sílé. Ẹni tó ń ṣọ́ béèsì kejì kì í dúró lórí béèsì náà gan-an. Àárín rẹ̀ àti béèsì kìíní ló máa ń wà. Shortstop ló wà ní òdìkejì, láàárín béèsì kejì àti ìkẹta. Ọ̀nà tí shortstop ń ju bọ́ọ̀lù sí jìn, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ẹni béèsì kejì sún mọ́ béèsì kìíní, nítorí náà wọ́n lè gba apá tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo wàhálà ti ń wá. Ọmọ tó bá mọ eré jù ládùúgbò, ì báà jẹ́ ní Maracay ní Venezuela tàbí ní ìgbèríko Georgia, shortstop ni wọ́n máa fi í ṣe. Agbára káká ni ẹgbẹ́ kan fi máa sanwó gọbọi fún ọmọ ọdún 16 torí pé ó ń ṣọ́ béèsì kejì. Ó di ẹ̀yìn ìgbà kí wọ́n tó sún un débẹ̀: apá rẹ̀ kò le tó, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e tó, tàbí shortstop mìíràn tó dára jù ú lọ wà níwájú. Torí náà kí o tó fojú kan án rárá, ẹnì kan ti sọ pé kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn á ti wà nínú ìwé tí wọ́n fún ọ kí o tó jáde nílé, á sì jókòó sí ojú rẹ títí eré á fi parí.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìtó nìkan ló ń sún èèyàn láti ibì kan sí ibòmíràn. Jackie Robinson, adúláwọ̀ tó wó ògiri ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú líìgì ńlá, béèsì kejì ló ṣọ́ fún Montreal Royals ní 1946. Líìgì kékeré nìyẹn, òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù nínú International League lọ́dún náà. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ Brooklyn nínú líìgì ńlá ní 1947, béèsì kìíní ni wọ́n gbé e lọ, torí pé Eddie Stanky ló wà ní béèsì kejì. Ìgbà tí wọ́n fi Stanky ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Boston ní 1948 ni Robinson tó padà sí àyè rẹ̀. Mo máa ń rán ara mi létí ìtàn yìí nígbà tí mo bá ń ka ìwé ọmọ kan tí wọ́n kọ sí i pé wọ́n ti mú kúrò ní shortstop.

Ẹ̀yìn àgbà scout kan ni mo ti kọ́ṣẹ́. Maryland rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà: Salisbury, Frederick àti Bowie wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ Baltimore Orioles ló ni àwọn ọmọ inú gbogbo wọn. Èèyàn lè wo ọmọ ọdún 19 ní Salisbury, kó sì rí i ní Bowie lọ́dún méjì sígbà náà láì kúrò nílé. Bàbá yẹn kọ́ mi ní ìwọ̀n tí gbogbo scout ń lò, láti 20 dé 80. Máàkì 50 ni ti agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá tó wà láàárín. Ohun márùn-ún la ń fún ní máàkì: bó ṣe ń rí bọ́ọ̀lù gbá, agbára inú gbígbá rẹ̀, eré sísá, ìṣọ́, àti apá. Máàkì méjì ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti òní àti ti ọjọ́ iwájú. Ti ọjọ́ iwájú ni iṣẹ́ wa.

Ó kọ́ mi ní stopwatch pẹ̀lú. Bí igi bá ti kan bọ́ọ̀lù, tẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan béèsì kìíní, tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, 4.3 ìṣẹ́jú àáyá ni àárín. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì gbá sún mọ́ béèsì díẹ̀, tirẹ̀ jẹ́ 4.2. Mo fẹ́ràn nǹkan yẹn jù. Òǹkà kì í bá èèyàn jiyàn, èmi tí mo sì jẹ́ àjèjì láàárín àwọn tó ti ń gbá eré náà láti kékeré, òǹkà ló fún mi lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọmọ kan wà nígbà náà, ọlọ́wọ́ òsì, tó ń dé béèsì kìíní ní 4.0 léraléra. Máàkì 70 nìyẹn lórí eré sísá. Mo kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, mo sì fún ìṣọ́ rẹ̀ ní máàkì tó ga nítorí eré yẹn. Nígbà tó dé Double-A, ìpele líìgì kékeré tó ga ju Single-A lọ, nǹkan méjì tú síta. Àkọ́kọ́, ẹni tó yára lójú ọ̀nà títọ́ lè má yára ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù á ti kọjá kó tó gbéra, lẹ́yìn náà á wá sá eré tó wu gbogbo èèyàn láti wò. Ìkejì, àwọn ajùbọ́ọ̀lù Double-A rí i pé igi rẹ̀ kò lágbára, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù líle sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì rí i gbá jáde kúrò láàárín àwọn ọmọ inú, ìyẹn àwọn mẹ́rin tó ń ṣọ́ àyíká béèsì. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá sún mọ́ ọn títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ koríko àárín mọ́lẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́, torí pé mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó lẹ́ẹ̀kan, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wakọ̀ ọ̀nà jíjìn wá wo ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, stopwatch ń tẹ̀ lé ojú mi ni, kì í ṣáájú rẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Bí ajùbọ́ọ̀lù bá ń na apá, ẹni béèsì kejì tó gbọ́n á fò díẹ̀ sókè, á sọ̀kalẹ̀ lórí ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ní àkókò gan-an tí igi ń kọjá. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lásìkò yẹn, ìṣísẹ̀ kan ti sọnù fún un. Èyí kì í hàn sí ẹni tó ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lójú. Ó di dandan kí o gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù, ó sì pẹ́ kó tó mọ́ mi lára, torí bọ́ọ̀lù ní agbára lórí ojú èèyàn.

Ọdún 2020 dé. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ni wọ́n kéde pé kò ní sí líìgì kékeré rárá lọ́dún náà nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀pọ̀ scout ni wọ́n dá dúró káàkiri, èmi náà wà lára wọn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn aláìlera, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Prince George's County ní Maryland mọ̀ dáadáa. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, àmọ́ àwọn ẹbí ń béèrè pé ṣé wíwo eré ni mo tún fẹ́ padà sí lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà. Ó dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n lè dá a dúró láìṣẹ̀ láìrò, kó sì ní iṣẹ́ mìíràn tó lè fi gbọ́ bùkátà.

Lóru, nígbà tí àwọn tí mò ń tọ́jú bá ti sùn, mo ń ka àwọn ìjábọ̀ mi àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yí iṣẹ́ mi padà. Ìjábọ̀ lórí shortstop, ohun tó lè ṣe ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjábọ̀ lórí ẹni béèsì kejì, ohun tí kò ní ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn: apá kò tó, gíga kò tó, kò lè ṣe shortstop. Ẹni tó bá ka ìlà àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ti pinnu kó tó ka ìkejì.

Bẹ́ẹ̀ ìtàn àwọn tó ṣe orúkọ níbẹ̀ wà níta gbangba. Ryne Sandberg, ìpele ogún nínú ètò yíyan àwọn ọmọ tuntun ni ẹgbẹ́ Phillies ti mú un ní 1978, wọ́n sì fi í kún pàṣípààrọ̀ lọ sí Chicago Cubs ní 1982. Ó wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni eré náà, ní 2005. Dustin Pedroia kò ga, àmọ́ ó gba ẹ̀bún agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù ní American League, ọ̀kan nínú apá méjì líìgì ńlá, ní 2007, ó sì gba MVP, ẹ̀bún agbábọ́ọ̀lù tó ṣe pàtàkì jù lọ́dún, ní 2008. José Altuve ló tún yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá fún ìdánwò ní Maracay torí pé ó kúrú. Ó padà wá. Ẹgbẹ́ Astros fún un ní 15,000 dọ́là ní 2007, owó tí wọ́n ń fún ẹni tí wọn ò retí púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 2017 ó di MVP American League. Àwọn tó lé e lọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó wà níwájú ojú wọn ni wọ́n kọ: ọmọkùnrin kúkúrú kan.

Nígbà tí líìgì padà ní 2021, mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn. Nǹkan ti yí padà. Ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ líìgì ńlá ti dín kù láti 160 sí 120, Frederick sì wà lára àwọn tó bọ́ sẹ́yìn lákòókò yẹn. Àmọ́ ètò tuntun kan bá mi lára mu: ẹgbẹ́ méjì ń bá ara wọn ṣeré ọjọ́ mẹ́fà léraléra, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé jẹ́ ìsinmi. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe kí bọ́ọ̀sì tó gbé wọn lọ. Fún ẹni tó ń wo béèsì kejì, ọjọ́ mẹ́fà yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Eré kan lè parí láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó le kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kìíní o lè rò pé o mọ ọmọ kan. Bó bá máa fi di ọjọ́ Ẹtì, tí ooru ti mú un, tí kò tíì rí bọ́ọ̀lù kan gbá dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan, o máa rí ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ní Bowie ni mo ti mọ ohun tí mò ń wá. Mo dé ní ọ̀sán, kí wọ́n tó ṣí géètì fún èrò. Olùkọ́ kan ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ sí shortstop, shortstop ń jù ú sí ọmọ kan tó ń bọ̀ wá sórí béèsì kejì. Ọmọ náà kò ga, apá rẹ̀ kò sì le. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ pẹlẹbẹ kan ló wọ̀, irú èyí tí kò ní àpò, tí bọ́ọ̀lù máa ta kúrò lórí rẹ̀ bí ọwọ́ kejì kò bá ti wà nítòsí. Ohun tí wọ́n ń ṣe dánrawò ni double play, èyí tí wọ́n fi ń lé èèyàn méjì jáde nínú bọ́ọ̀lù kan. Bọ́ọ̀lù lọ láti ọ̀dọ̀ shortstop sí béèsì kejì, ẹni béèsì kejì gbà á, ó yíra padà, ó jù ú sí béèsì kìíní. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, 4.3 ìṣẹ́jú àáyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ̀yìn ni ẹni tó ń sáré bọ̀ láti béèsì kìíní sì ti ń yọ sí i, kò lè rí i.

Olùkọ́ ní kí shortstop máa jù ú síbi tí kò dára, nígbà míì sí òsì, nígbà míì sí ilẹ̀. Ọmọ náà kì í na ọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ bá a. Bí bọ́ọ̀lù bá wá sí apá òsì, ẹsẹ̀ òsì tẹ béèsì, ó ré e kọjá, ó sì ti ń jù ú. Bó bá wá sí ẹ̀yìn, ó fi béèsì ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà ẹni tó ń sáré bọ̀. Bọ́ọ̀lù kì í jókòó nínú ìbọ̀wọ́ rárá. Ó kan ìbọ̀wọ́, ó ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ stopwatch láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dé ìgbà tó bá kúrò lọ́wọ́, mo sì tẹ ti shortstop tí apá rẹ̀ le nígbà tí àwọn náà pààrọ̀ ipò. Àkókò tí ọmọ yìí ń rí pamọ́ lọ́wọ́ ju èyí tí apá rẹ̀ ń pàdánù lójú ọ̀nà lọ. Ara mi yá gágá. Ohun tí wọ́n ń pè ní àléébù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi tún ṣe pàtàkì sí i lóde òní. Kí 2016 tó dé, ẹni tó ń sáré bọ̀ lè fi ara lu ẹni tó wà lórí béèsì kejì kó má bàa rí i jù. Nínú National League Division Series, ìpele kan nínú ìdíje tó ń tẹ̀ lé sáà, ní oṣù kẹwàá 2015, Chase Utley ti Dodgers gbá Ruben Tejada ti Mets lẹ́sẹ̀, egungun ẹsẹ̀ Tejada ṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fòfin de irú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ara tó le ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ẹni tó lè gba ìyà. Ní báyìí, ẹni kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà lè pẹ́ níbẹ̀.

Mo kọ ìjábọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Apá wá ní ìparí. Ẹgbẹ́ wa kò mú un. Owó àti àyè ló fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan pè mí, ó bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí lórí ẹni béèsì kejì tí mo kọ.

Ọ̀rọ̀ tó le nìyí, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ sá fún un. Ẹni tó bá jẹ́ béèsì kejì nìkan ló lè ṣọ́, àfi kó mọ igi gbá. Ẹgbẹ́ líìgì ńlá kì í ní àyè púpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀. Ẹni tí wọ́n máa fi ṣe arọ́pò fún àwọn ọmọ inú gbọ́dọ̀ lè ṣe shortstop bí shortstop bá farapa. Nítorí náà, ẹni béèsì kejì tí igi rẹ̀ kò mú, tí kò sì lè ṣe shortstop, kò ní ibi tó máa jókòó sí. Ẹ wo Gift Ngoepe, ọmọ South Africa tí ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ní Randburg, tó dàgbà síbẹ̀. Pittsburgh Pirates mú un ní 2008, ó sì lo ọdún púpọ̀ ní líìgì kékeré. Igi rẹ̀ kò lágbára, àmọ́ ó lè ṣọ́ shortstop àti béèsì kejì bí ẹni pé ó ti há ilẹ̀ ibẹ̀ sórí. Ní oṣù kẹrin 2017 ó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Ká ní béèsì kejì nìkan ló mọ̀, mo rò pé ilẹ̀kùn yẹn ì bá má ṣí.

Mo mọ ẹnì kan tí kò ṣí fún. Ó ti pé ọdún 26, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ìṣọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ní 2023 ni àdéhùn tuntun gbé owó ẹni tó wà ní Double-A dé 30,250 dọ́là lọ́dún. Ṣáájú ìyẹn, owó náà kò tó fún èèyàn kan, ká má tíì sọ ti ìdílé. Ó bá mi ní ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn eré. Ó mọ̀ pé scout ni mí. Ó bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé kí ni mo kọ nípa òun. A kì í sọ. Mo ní kó má bínú, mo sì kí ọmọ tó gbé dání. Kí sáà yẹn tó parí, wọ́n ti ní kó máa lọ. Ohun tí mo kọ ni pé igi rẹ̀ kò ní gbé e dé òkè, mo ṣì gbà pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí o bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, kọ ohun tí ojú rẹ rí, kí o sì kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn ni ẹni náà. Mo ti ka ìjábọ̀ tí wọ́n fi ọmọ èèyàn ṣẹ̀sín nínú rẹ̀. Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lórí igi gbígbá, ọjọ́ orí ni kí o kọ́kọ́ wò. Ọmọ ọdún 24 tó ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ní Single-A, àwọn ọmọ ọdún 20 ló ń jù ú sí i. Lẹ́yìn náà, jókòó síbi tí wàá ti rí iwájú ara rẹ̀: ọlọ́wọ́ ọ̀tún, láti apá béèsì kìíní, ọlọ́wọ́ òsì, láti apá béèsì kẹta. Kámẹ́rà wà nínú pápá káàkiri báyìí tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára kúrò lára igi, ọ̀gá rẹ á ti rí òǹkà yẹn kí o tó délé. Ohun tí ó ń retí lọ́dọ̀ rẹ ni ìdí rẹ̀: ṣé ọmọ náà tètè dá bọ́ọ̀lù mọ̀, ṣé ó ń yí ohun tó ń ṣe padà nígbà tí wọ́n bá ti tàn án lẹ́ẹ̀kan?

Òfin 2023 tún da ọ̀pọ̀ ìwé mi nù. Kó tó dé, ẹgbẹ́ lè kó ọmọ inú mẹ́ta jọ sí apá kan, kí ẹni béèsì kejì lọ dúró sórí koríko lẹ́yìn lọ́hùn-ún de ọlọ́wọ́ òsì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lè fara pamọ́ síbẹ̀. Double-A ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán òfin náà wò ní 2021: kí àwọn ọmọ inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ilẹ̀ pupa. Nígbà tó fi máa dé líìgì ńlá ní 2023, méjì gbọ́dọ̀ wà ní apá kọ̀ọ̀kan béèsì kejì. Àwọn ọmọ tí mo ti fún ní 50 lórí ìṣọ́, mo ní láti padà lọ wò wọ́n lọ́tun. Ẹni tó bá ń ka ìjábọ̀ àtijọ́ lórí ẹni béèsì kejì, kó wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́ ná.

Nǹkan kan tún wà tí kámẹ́rà kì í kọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà ní béèsì kìíní tó lè jí béèsì kejì, ìyẹn kó sáré débẹ̀ láì dúró kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, shortstop àti ẹni béèsì kejì gbọ́dọ̀ ti fi ẹnu kò lórí ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn á gbé ìbọ̀wọ́ bo ojú, á ya ẹnu tàbí pa á dé. Èkejì á mọ ẹni tó kàn. Láti ẹ̀yìn béèsì ilé o kò lè rí ẹnu, àmọ́ o ń rí ìbọ̀wọ́ tó lọ sókè. Mo máa ń wò ó ní inning kẹjọ, ìyẹn ìpín kẹjọ nínú mẹ́sàn-án tí eré ní, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdánù, tó ti rẹ gbogbo wọn. Àwọn kan ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ṣì ń ṣe é kí ajùbọ́ọ̀lù tó ju ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò di dandan kí ẹnikẹ́ni gbà yín síṣẹ́ ná. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ lọ sí Salisbury tàbí Bowie, tí wọ́n ti yí orúkọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ padà sí Chesapeake báyìí. Tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Ẹ mú ẹni béèsì kejì kan ṣoṣo, kí ẹ má wo ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ débẹ̀ bí géètì bá ti ń ṣí, kí ẹ lè rí bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹnì kankan kò kà á. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe ṣáájú ohun tí kò lè ṣe, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ kan pàtó tí ẹ rò pé ó máa ṣe nínú líìgì ńlá, tàbí pé kò ní débẹ̀. Ẹ má kọ pé ó ṣeé ṣe, ó sì lè má ṣeé ṣe. Ọ̀gá kankan kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan. Ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì, kí ẹ tún kà á pẹ̀lú ohun tí ọmọ náà ti dà. Ẹni tó bá ṣe é, kó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì pè é.